Bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ ìkọ̀wé àgbàṣe di òwò tó ń bọ́ ilé

Bí àgbẹ̀ bá pe alágbàṣe wá sí oko, alágbàṣe tó mọṣẹ́ kì í dá owó lé e láti ẹnu ọ̀nà. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé olóko dé ibẹ̀, yóò wò ó bóyá igbó kìjikìji ni tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè kúrò lórí rẹ̀, kí ó tó sọ iye tí yóò gbà lórí igba ebè. Èmi tí mo ń kọ̀wé fún àwọn oníléeṣẹ́, àwọn àjọ aláàánú àti àwọn ẹbí láti Ìbàdàn, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ mélòó ni?” ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo máa ń bi oníbàárà, lẹ́yìn náà n ó sọ owó. Ọ̀nà tí ẹni tí kò ní ọ̀gá, tí kò sì ní owó oṣù, lè gbà máa fi ìwé kíkọ bọ́ ilé rẹ̀ láti oṣù dé oṣù ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ibi tí mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀ ni wákàtí, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìnà.

Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ná lóṣù sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ká ní oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ jẹ́ 215,000 náírà, dátà jẹ́ 20,000, owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 40,000, tí ẹ sì ń yọ 25,000 sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yóò kú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300,000. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, tí ẹ sì ń ṣe é fún ogún ọjọ́ lóṣù, wákàtí 120 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi 120 pín 300,000, yóò rí 2,500, yóò sì gbà pé iye tí wákàtí òun jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó wákàtí tí ẹ fi ń wá iṣẹ́ kiri, èyí tí ẹ fi ń dáhùn oníbàárà lórí WhatsApp, èyí tí ẹ fi ń lé owó, àti èyí tí ẹ fi jókòó de iná? Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tèmi, wákàtí tí ẹnikẹ́ni ń sanwó fún kò tíì ju ìdajì lọ rí. Nítorí náà, 60 ni kí ẹ fi pín in, ẹ ó sì rí 5,000.

Owó orí kò tíì sí nínú rẹ̀ o. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, a kì í san owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. A ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, àti ìdá 18 lórí èyí tó bá kọjá ìyẹn títí dé ipele tó kàn. Bí ẹ bá gba 5,500 lórí wákàtí kan, 330,000 ni yóò wọlé lóṣù. Ẹ yọ owó dátà àti ti iná kúrò nítorí ìnáwó iṣẹ́ ni, owó orí ìyókù jẹ́ 373,200 lọ́dún, ìyẹn 31,100 lóṣù. Ohun tí yóò kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn owó orí jẹ́ 298,900, ó sì sún mọ́ 300,000 tí ilé ń béèrè. 5,500 ni wákàtí yín, kì í ṣe 2,500. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí ojú yín yóò ti máa rí i.

Bí n kò bá mọ òǹkà yìí ni, n kì bá tí mọ bí mo ti pàdánù tó lórí iṣẹ́ kan tí mo rò pé mo jèrè lórí rẹ̀. Àjọ kan fẹ́ àlẹ̀mógiri ní èdè Yorùbá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ 420 péré. Mo ní náírà mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ kan, ó jẹ́ 4,200, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Mo fi wákàtí kan ka ìwé tí wọ́n fún mi, mo sì pe nọ́ọ̀sì kan lórí fóònù láti mọ ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ gan-an bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn. Mo fi wákàtí méjì kọ ọ́, mo fi ọ̀kan fi àmì ohùn sí i, kí n má ṣì í. Lẹ́yìn náà ni atẹ̀wé fi èyí tó fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí ó lò kò mọ àmì wa, gbogbo “ẹ̀jẹ̀ ríru” ti di “eje riru”, àpótí kékeré òfìfo sì wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn bí eyín tó yọ. Wákàtí kan sí i. Wákàtí márùn-ún fún 4,200 jẹ́ 840 náírà lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan náà lónìí, 27,500 ni n ó pè é, n ó sì ti fi yíyẹ iṣẹ́ atẹ̀wé wò sínú owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo máa ń wo ilẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ń béèrè ẹni tí yóò kà á, ibi tí yóò ti kà á, ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, iye ènìyàn tí yóò fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ojú ewé méjì tí ènìyàn mẹ́rin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí le ju iṣẹ́ ojú ewé mẹ́wàá tí ẹnì kan ṣoṣo ń pàṣẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ mọ ẹni tí ó ń ra ohun tí ẹ ń tà

Kí ènìyàn sọ pé òun ń kọ ohun gbogbo kò tíì bí oníbàárà kankan. Ìwé ìròyìn ń fún ni lórúkọ, owó rẹ̀ kò pọ̀. Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí orúkọ náà. Àpilẹ̀kọ olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń kọ fún àwọn ará òkèèrè ti di iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó kù tó ń mówó wọlé ni iṣẹ́ tó nílò ẹni tó mọ ìlú, tó lè gbé fóònù pe ènìyàn, tó sì mọ ìyàtọ̀ ohùn: ìkéde ìlera, ìpolówó rédíò, ìwé ìlànà fún àwọn oníṣòwò, àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà.

Ti ìkẹyìn yìí ni àwọn akẹgbẹ́ mi fi ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi yangàn láàárín àwọn òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsìnkú kì í yẹ̀. Ẹbí tó ti dá ọjọ́, tó ti ra aṣọ, tó sì ti sanwó gbọ̀ngàn kò ní jẹ́ kí ìwé di ohun tí yóò bà á lójú jẹ́, nítorí náà owó rẹ̀ ń yá ju ti iléeṣẹ́ ńlá lọ. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ni ó sì sábà máa ń sanwó náà. Ẹni tó bá lè fi wákàtí méjì jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ó gba oríkì ìdílé lẹ́nu rẹ̀ kí ó sì kọ ọ́ bó ti yẹ, kò ní wá iṣẹ́ tì ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ kọ àpẹẹrẹ mẹ́ta sílẹ̀ lórí irú iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì bẹ̀ yín. Mẹ́ta tó.

Bí oníbàárà ṣe ń dé

Àwọn atẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ máa ń rán ẹni tuntun sí. Ní Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́, ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń gbé àwòrán wá láìní ọ̀rọ̀ tí yóò bá a lọ, atẹ̀wé yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kan ṣáá. Ẹ fún un ní ìwé kékeré tó ní orúkọ yín, irú iṣẹ́ yín àti iye owó yín. Ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ohun tí yóò kàn án nínú iṣẹ́ tó bá mú wá.

Ọ̀nà kejì ni lẹ́tà. Èyí tó mú iṣẹ́ tó tóbi jù wá fún mi kò ju báyìí lọ: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri yín. Ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ kò ní àmì ohùn, àwọn tí mo bá pàdé níbẹ̀ sì ń kà á sí nǹkan mìíràn. Mo ti tún ẹsẹ̀ náà kọ, òun ló wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ lè lò ó láìsanwó. Bí ẹ bá fẹ́ ìyókù, mo lè mú un wá ní ọjọ́bọ̀.” N kò ka ibi tí mo ti kàwé fún wọn, n kò sì bẹ̀bẹ̀. Mo fi iṣẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Upwork àti Fiverr, àwọn ìkànnì tí oníbàárà ti ń wá alágbàṣe, dára fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé Fiverr ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún: iṣẹ́ 50 dọ́là di 40 kí owó gbígbé tó jẹ tirẹ̀. Síbẹ̀, oníbàárà òkèèrè kan ṣoṣo tó dúró ṣinṣin ṣe pàtàkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ní àkáǹtì dọ́là tí ohun díẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ lóṣooṣù mí fẹ́rẹ́ ní ọdún yẹn, àwa yòókù ń ṣe ìṣirò lọ́jà.

Àdéhùn àti èènì

Ìwé àdéhùn kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ, nítorí èyí tó bá gùn ni oníbàárà kì í kà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe, iye ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó fi í jíṣẹ́, iye owó, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, àti orúkọ ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ pé iṣẹ́ ti tán. Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà yóò di ti oníbàárà nígbà tí ó bá san owó tán. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn lẹ́nu lásán, àfi nínú ìwé.

Àtúnṣe ni ó ń jẹ èrè òǹkọ̀wé láìjẹ́ kó mọ̀. Ìyá tó ń ta gàrí ní Bódìjà yóò wọn kóńgò tán, yóò bu èènì lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe kóńgò kejì ni yóò bù. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni èènì tèmi, ó sì wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀kẹta, n ó dáhùn tìtaratìtara pé mo ṣe tán láti ṣe é, n ó sì fi iye rẹ̀ sí i. Ìdajì wọn yóò rí i pé ẹ̀kẹta náà kò pọn dandan.

Mo kọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ pé iṣẹ́ ti tán yẹn lọ́nà líle. Iléeṣẹ́ kan ní Èkó bá mi sọ iṣẹ́ ìwé ìlànà ojú ewé méjìlá lórí WhatsApp, mo ṣe é, ọ̀gá tó gbé e fún mi ní “ó dára gan-an,” lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ mí, kò sí ìwé, kò sí àsansílẹ̀. Mo pe wọ́n fún oṣù mẹ́rin kí n tó jáwọ́. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú New York ní òfin kan láti ọdún 2017 tó ní iṣẹ́ tó bá tó 800 dọ́là gbọ́dọ̀ ní ìwé, kí owó rẹ̀ sì wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ bí ìwé kò bá dá ọjọ́ mìíràn. Níbí, ìwé tí ẹ bá kọ fúnra yín ni ẹ ó gbójú lé.

Láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì

Oṣù kìíní máa ń gbẹ. Oṣù kọkànlá máa ń kún. Ẹ má ná ti oṣù kọkànlá tán. Èmi ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó bá wọlé sí àkáǹtì tí n kò ní káàdì rẹ̀, títí tó fi tó ìnáwó oṣù mẹ́ta. Owó kọ̀ǹpútà sì wà lọ́dọ̀ alájọ, nítorí mo mọ ara mi. Bí oníbàárà kan ṣoṣo bá ti ń mú ju ìdajì owó yín wá, ọ̀gá ni ó ti dà, bí kò tilẹ̀ fún yín ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn.

Ẹ lè forúkọ òwò yín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, òun ni yóò sì jẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń béèrè kí wọ́n tó sanwó.

Owó yín yóò sì ní láti gòkè. Oṣù kọkànlá ni mo ń kọ ọ́ sí àwọn oníbàárà àtijọ́, pé láti oṣù kìíní, wákàtí mi yóò kúrò ní iye báyìí di iye báyìí, iṣẹ́ tí wọ́n bá sì gbé wá kí ọdún tó parí yóò wà ní iye àtijọ́. Àwọn kan yóò sá gbé iṣẹ́ wá nínú oṣù kejìlá. Ẹnì kan tàbí méjì yóò lọ, èyí tó ń béèrè àtúnṣe ẹ̀kẹrin ni yóò sì sábà jẹ́. Wákàtí tó bá tú sílẹ̀, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, kí n lè rí iye lẹ́tà tuntun tí àyè rẹ̀ yóò gbà.