Bí mo ṣe yan ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò

Fídíò òde ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde, ìwúyè. Láàpútọ́ọ̀pù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè gbé fídíò 4K mọ́. Tí mo bá ní kó parí iṣẹ́ òde kan, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, fáànù rẹ̀ á ṣì máa ké. Mo wá pinnu pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo máa tò, màá sì ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní Computer Village ní Ìkẹjà.

Ọjà tó dáa àti ọjà tó dáa lè má bára wọn gbé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ná ọjà kankan títí gbogbo orúkọ fi pé nínú ìwé. Ìlà kan ni mo fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, ohun tó ń fún wọn. Ìkànnì PCPartPicker ràn mí lọ́wọ́, torí ó máa ń sọ fún èèyàn tí ẹ̀yà méjì kò bá lè bára wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà lórí àtẹ ní Ọ̀tígbà, òpópónà Computer Village yẹn, kò sì mọ irú iná tí à ń lò. Mi ò ní kọ iye owó síbí o. Kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀, dọ́là lè ti yí i padà.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ló yan ẹ̀yà àkọ́kọ́ fún mi. DaVinci Resolve ni mo fi ń gé fídíò, káàdì gíráfíìsì ló sì ń ru èyí tó wúwo jù nínú iṣẹ́ àwọ̀ níbẹ̀. Káàdì yìí ní ráàmù tirẹ̀ nínú, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí, tí fídíò 4K bá sì ti jẹ ẹ́ tán, iṣẹ́ á dúró gbọnrangandan. Mo bá kọ RTX 3060 ti NVIDIA sílẹ̀, èyí tó ní 12GB.

Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ní 2021 ni èyí tó ní 12GB jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà, òmíràn tún jáde tó ń jẹ́ orúkọ kan náà gan-an, ṣùgbọ́n 8GB ló ní, ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ ráàmù rẹ̀ sì tún há ju ti àkọ́kọ́ lọ, 128-bit dípò 192-bit. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "3060 wà," ẹ bi í pé èwo. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Nígbà tí Ethereum, owó kírípítò kan, pa ìlànà fífi káàdì gíráfíìsì wa owó jáde tì ní oṣù kẹsàn-án 2022, àwọn tó kó káàdì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n, ọ̀pọ̀ sì dé ọjà. Mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Fáànù ló máa ń kọ́kọ́ gbó lára irú káàdì bẹ́ẹ̀, fáànù sì ṣeé pààrọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn. 12GB àti 192-bit hàn kedere. Mo tẹ́tí sí fáànù méjèèjì kí n tó san owó.

Lẹ́yìn káàdì, ó kan púrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti mọ́dàbọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì yìí ni èèyàn kò gbọ́dọ̀ yàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni alárenà: kò sí ẹ̀yà tó ń bá èkejì sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ púrósẹ́sọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe púrósẹ́sọ̀, ní sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4, ó tún ní AM5 tó dé ní 2022. AM5 kì í gba ráàmù kankan àfi DDR5. Ti Intel, akẹgbẹ́ AMD, tó ń jẹ́ LGA1700 lè gba DDR4 tàbí DDR5, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kan kì í gba méjèèjì pọ̀, nítorí náà orúkọ bọ́ọ̀dù ni èèyàn máa kà dé ìparí. Mo mú AM4. Kì í ṣe tuntun mọ́, àmọ́ ó pọ̀ lọ́jà, ráàmù rẹ̀ kò wọ́n nígbà tí mo rà á, tí nǹkan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀ lónìí, màá rí òmíràn rà lọ́la.

Ryzen 5 5600 ni púrósẹ́sọ̀ tí mo yàn. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀gbọ́n tó ń tajà na 5600G sí mi. "Àbúrò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tiẹ̀ ní gíráfíìsì lára." Òótọ́ ló sọ nípa gíráfíìsì. Ẹni tí kò bá ní owó káàdì, 5600G dára fún un púpọ̀. Ṣùgbọ́n 16MB ni káàṣì rẹ̀, ìyẹn ráàmù kékeré tó wà nínú púrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, 32MB ni ti 5600. PCIe, ọ̀nà tó fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, jẹ́ 3.0 tó lọ́ra jù lára rẹ̀, nígbà tí 5600 ń lo 4.0. Èmi ti ní káàdì, kí ni màá tún fi gíráfíìsì inú púrósẹ́sọ̀ ṣe? Mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá 5600 lásán." Lọ́dọ̀ Intel, lẹ́tà tí ẹ máa wò ni F: 12400F kò ní gíráfíìsì lára, 12400 ní in. Ẹni tó ra F láìra káàdì kò ní rí àwòrán kankan lójú móníítọ̀.

Bọ́ọ̀dù tí mo mú fún un jẹ́ B550, irú micro-ATX tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré. B450 náà lè gbé 5600, PCIe 3.0 ni tirẹ̀. Èyí tó gba àkókò mi jù ni ọ̀rọ̀ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà. B550 jáde láàárín 2020, Ryzen 5000 dé ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, 5600 gan-an kò sì jáde títí di 2022. Bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ nínú páálí lè má dá púrósẹ́sọ̀ yìí mọ̀ rárá. Ẹ máa tan iná, fáànù á yí, ojú móníítọ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta òkú ọjà fún yín. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ní ojú ewé kan fún bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n to orúkọ púrósẹ́sọ̀ sí pẹ̀lú nọ́ńbà BIOS tó kéré jù tó lè gbé e. Mo kọ nọ́ńbà ti 5600 sílẹ̀. Mo tún rí i dájú pé bọ́ọ̀dù tí mo mú ní bọ́tìnnì flashback lẹ́yìn, èyí tí èèyàn lè fi gbé BIOS tuntun wọlé láti inú fíláàṣì láìtíì ki púrósẹ́sọ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nílé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ráàmù, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù lọ́jà tòkunbọ̀. 32GB ni mo fẹ́, 16GB méjì, DDR4 tó ń sáré 3200. DDR4 kò lè wọ ihò DDR5, torí àlàfo tó wà lára wọn kò sí lójú kan náà. Ti láàpútọ́ọ̀pù kúrú, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú. Ráàmù sẹ́fà, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó pọ̀ lórí àtẹ, owó rẹ̀ kéré, ó gùn bí ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó sì wọ ihò náà wẹ́kú. Ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń pè ní registered kò lè ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù AM4 bíi tèmi láéláé. Ìwé pélébé tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ máa rí nǹkan bíi PC4-2400T, lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà kan máa wà: R ni ti sẹ́fà, U ni tiwa, S ni ti láàpútọ́ọ̀pù. Tí ẹ bá ti rí R, ẹ dá a padà sórí àtẹ, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Mo ra méjèèjì nínú páálí kan ṣoṣo, torí pé wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò pọ̀ láti ilé iṣẹ́.

SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, kò gba ariwo. M.2 ni orúkọ ìrísí, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ó lè jẹ́ NVMe tó yára, ó sì lè jẹ́ SATA tó lọ́ra. Èyí tó ní àlàfo méjì lẹ́nu sábà máa ń jẹ́ SATA, NVMe sì sábà máa ń ní ẹyọ kan. 1TB NVMe ni mo rà, tó gùn ní 80 mm. Mo ra háàdì 4TB sí i fún fídíò àwọn oníbàárà, torí pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ìyàwó á tó rántí pé òun fẹ́ ẹ̀dà mìíràn. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù B550 kan, tí ẹ bá lo ihò M.2 kejì, ojú SATA méjì, níbi tí wọ́n ń so háàdì mọ́, á kú. Ìwé atọ́nà bọ́ọ̀dù máa ń kọ ọ́ sínú tábìlì kékeré kan tí kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ó wá kù iná, èyí tí mo rò ju gbogbo rẹ̀ lọ. 65 wáàtì ni wọ́n kọ sára 5600, àmọ́ ó lè fa tó 76. 170 ni ti RTX 3060. Mo fi bí 60 kún un fún bọ́ọ̀dù, ráàmù, háàdì àti fáànù. Ó lé díẹ̀ ní 300. Mo ra páwà páàkì, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn yòókù, ti 650 wáàtì, 80 Plus Bronze, tuntun nínú páálí. Bronze túmọ̀ sí pé tí iṣẹ́ bá dé ìdajì agbára rẹ̀, ó kéré tán, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Gbogbo nǹkan lè jẹ́ tòkunbọ̀, páwà páàkì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n lẹ "800W" mọ́ wọn lára, tí wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́ bí páálí òfìfo. Àwọn àtijọ́ tó wá láti Amẹ́ríkà sì ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan lẹ́yìn, tó ń yan fólítì 115 tàbí 230. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ sì so ó mọ́ iná ilé wa, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Wáyà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ti púrósẹ́sọ̀ ní píìnì mẹ́jọ tó pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ti káàdì ní mẹ́jọ tó pín sí mẹ́fà àti méjì. Wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Tí páwà páàkì bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ń yọ, ẹ má ṣe fi wáyà ti ilé iṣẹ́ mìíràn há a. Ẹnu lè wọ̀ ọ́ kí iná inú rẹ̀ sì gba ojú ọ̀nà mìíràn, háàdì á jóná.

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ni mo fi parí ìlà iná. VA tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára rẹ̀ kì í ṣe wáàtì. Tí UPS bá jẹ́ 1200VA, tí power factor rẹ̀ (ìdá VA tó ń di wáàtì) sì jẹ́ 0.6, 720 wáàtì ló lè gbé. Ìyẹn tó mi. Àwọn páwà páàkì òde òní kan kì í bá iná UPS olówó pọ́ọ́kú ṣe nígbà tó bá bọ́ sórí bátìrì: Nẹ́pà á mú iná lọ, UPS á gbà á, kọ̀ǹpútà á ṣì kú. Mo gbé páwà páàkì mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù UPS, a so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tiwọn, a yọ ọ́ lára ògiri, kò kú, mo sanwó.

Kéésìn, àpótí tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀, nìkan ni mo fi téèpù wọ̀n. Micro-ATX jẹ́ 244 mm lọ́nà méjèèjì, ó wọ kéésìn ATX láìsí wàhálà. Gígùn káàdì ni kí ẹ ṣọ́, torí àwọn 3060 kan tó ní fáànù mẹ́ta gùn ju 280 mm lọ. Mo mú kéésìn tí iwájú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tí àsẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ fọ̀. Ẹni tó bá ti la ọyẹ́ kan kọjá nílé yìí mọ ìdí rẹ̀.

Títò rẹ̀ kò gba agbára. Fáànù Wraith Stealth tó bá 5600 wá ti ní lẹ́ẹ̀ tó ń gba ooru lábẹ́, síkúrù mẹ́rin ló sì ń mú un, nítorí náà mo kọ́kọ́ tú ike méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kí irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù dúró síbi tó wà. Ráàmù wọ ihò kejì àti ìkẹrin, tí èèyàn bá kà á láti ọ̀dọ̀ púrósẹ́sọ̀ wá. Wáyà móníítọ̀ lọ sí ara káàdì. HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù kò lè mú àwòrán jáde pẹ̀lú 5600. Nígbà tó tàn, ráàmù ń sáré 2133, bó ṣe yẹ kó rí kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án. Mo tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí ráàmù sáré bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, nínú BIOS, ó di 3200. Mo tan fTPM, ohun ààbò tí Windows 11 ń béèrè, náà níbẹ̀ kí Windows 11 má bàa kọ̀ mí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 yìí ṣì lè gbé 5900X tó ní kọ́ọ̀ (ẹ̀ka ọpọlọ) méjìlá, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lára 5600 ni màá rà á. Ó lè fa tó 142 wáàtì, àpapọ̀ á wá jẹ́ bí 370, páwà páàkì mi ṣì lè gbé e. Wraith Stealth kò lè mú un tutù, màá ra fáànù gíga fún un. Ìwé kéésìn mi sọ pé 160 mm ni gíga tó lè gbà, èyí tí mo sì ń wò lọ́jà báyìí jẹ́ 155.