Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín Nídìí Bàálù Onírìmóòtù

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó bátìrì mẹ́rin wá bá mi ní pápá tí a ti ń wa bàálù wa ní Ìbàdàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò wọ́n, wọn ò gbaná mọ́." Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wú bí ìrọ̀rí. Mẹ́ta yòókù náà ti wú. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó rà wọ́n, bẹ́ẹ̀ oṣù márùn-ún ló fi tu owó wọn jọ. Ó dùn mí débi pé mi ò gbé bàálù tèmi sókè mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó tà wọ́n fún un kò sọ gbólóhùn kan nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí eré yìí, owó tí mo ti rí kó ṣòfò níbẹ̀ kò kéré. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí servo tàbí receiver ń ṣe. Ẹni tó bá ti ń ra nǹkan ti mọ ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má fi bàálù ológun bẹ̀rẹ̀

Mo mọ̀ pé ó rẹwà, òun ni ojú gbogbo ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ wúwo, eré nìkan ló ń gbé e dúró lókè. Bí ẹ bá ti dín eré rẹ̀ kù kí ẹ lè ráyè ronú, ilẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Bàálù akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín kàn án: èyí tí apá rẹ̀ wà lókè ara, tí ṣóńṣó apá méjèèjì sì gbé sókè díẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọ̀pá rìmóòtù, yóò gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ tò.

Bọ̀ọ̀dá kan gbé bàálù jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí pápá. Kò tíì wa irú rẹ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá a kọ́kọ́ gbé e sókè, ó kọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi di èérún. Ó ṣa èérún náà sínú páálí, ó lọ, a ò sì rí i mọ́ títí di òní. Bàálù ṣeé rà padà. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan yìí tọkàntọkàn, tó wá sá fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun ni mo ń kẹ́dùn.

2. Ẹ má fi bàálù gidi kọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà lè kọ́ yín

Àwọn ètò kan wà tí ẹ lè fi wa bàálù lójú kọ̀ǹpútà. PicaSim kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń fọ́ bàálù ẹni tuntun jù ni pé bí bàálù bá kọjú sí yín, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín, ọwọ́ á wá dàrú. Ẹ jẹ́ kí èyí mọ́ yín lára: bó bá ti kọjú sí yín, apá tó bá wọlẹ̀ lójú yín, ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ ti ọ̀pá sí. Bó bá jẹ́ ìhà ọ̀tún yín ni apá ti wọlẹ̀, ẹ ti ọ̀pá sí ọ̀tún, apá yẹn á gbéra. Ẹ ṣe é lójú kọ̀ǹpútà títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ orí.

3. Súpà gúlù àti fóòmù funfun

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sínú páálí dára púpọ̀ fún apá bàálù, ṣùgbọ́n súpà gúlù lásán máa ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń fín náà ń jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú.

4. Ẹ tan rìmóòtù kí ẹ tó so bátìrì mọ́ bàálù. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó pa rìmóòtù.

5. Bátìrì

Níbí ni mo ti fẹ́ fìdí kalẹ̀.

LiPo ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń lò. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4.2 volt bó bá kún, kò sì gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 3.0 volt, ó ti ń kú lọ. Èyí tí wọ́n kọ 3S sí lára ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ó jẹ́ 12.6 volt bó bá kún.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn fi ń pa á. Àwọn kan á máa wa bàálù títí motor yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà yẹn, ESC, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún motor, ti ń dín iná kù nítorí pé bátìrì ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná inú rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ 2200 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, 440 ní láti ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ yí aago inú rìmóòtù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bó bá ti dún, kí ẹ wá wọn bátìrì. Bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá wà láàárín 3.7 sí 3.8 lẹ́yìn tó ti sinmi, aago yín dára. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ wáyà funfun ẹ̀gbẹ́ bátìrì, tó máa ń han gooro bí iná bá ti ń tán. Kò wọ́n. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ní in.

Ọ̀nà kejì ló pa tọmọkùnrin yẹn. Ó fún bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níná kún lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Òjò rọ̀ ní Sátidé, kò lè jáde. Ó kó wọn sínú àpò, ó gbé àpò sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tó gbóná janjan, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. LiPo tó kún, tí ooru sì ń mú, inú ara rẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Gáàsì á kóra jọ síbẹ̀, òun ló ń mú un wú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n sílẹ̀ ní kíkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé iná ò dúró sójú kan. Bó bá ti dé, mo máa ń sáré kún gbogbo nǹkan."

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ NEPA ti kọ́ ara wa pé bí iná bá ti dé, fóònù, tọ́ọ̀ṣì, gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ kún. Ìwà tó ń gbà wá nílé yẹn ló ń pa LiPo. Bátìrì yìí fẹ́ kí a tọ́jú òun sí 3.8 volt ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí ààbọ̀ báyìí. Lójú ṣájà yín, ẹ óò rí ibi tí wọ́n kọ "Storage" sí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé kó fi iná kún un tàbí kó fa iná wálẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde, tàbí alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ni kí ẹ tó kún un. Bí òjò bá dí yín lọ́wọ́, ẹ fà á wálẹ̀ padà kí ọjọ́ kejì tó kọjá.

Iná ìjọba kò sì pọn dandan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣájà yìí ń gba 12 volt tààrà: bátìrì mọ́tò, bátìrì sólà. Sólà ni mo ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò sì sáré mọ́ nítorí iná.

Bátìrì 2200 mAh, 2.2 ampere ni kí ẹ fi fún un níná. Ẹ má fi í sílẹ̀ jáde, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Inú ìkòkò amọ̀ lórí ilẹ̀ táìlì ni tèmi ń wà, láti ìgbà tí ọ̀kan gbiná mọ́ mi lójú. Bàálù tí bátìrì náà wà nínú rẹ̀ ti já lulẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan, mo so ó mọ́ ṣájà. Iná náà jó kọ́tìnì, ó jó tábìlì, ìyàwó mi ló gbé iyanrìn wá. Bátìrì tó bá ti wú, tàbí tó ti gba ìkọlù, ẹ má fún un níná mọ́.

Àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ń bá ra bátìrì bọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn pé inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n kó o sí, kí wọ́n fi nǹkan bo ẹnu wáyà rẹ̀. Bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù. 3S 2200 kò ju 24.4 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára inú bátìrì) lọ, ó sì jìnnà sí 100 Wh tí wọ́n ń gbà láìsí àṣẹ pàtàkì. Àǹtí mi fi mẹ́fà sínú ẹrù ìsàlẹ̀. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìwúwo bàálù náà ńkọ́? Ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí, tí a ń pè ní CG, ni kí ẹ wá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí nǹkan padà, pẹ̀lú bátìrì nínú rẹ̀. Fún bàálù akẹ́kọ̀ọ́, ó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú apá, láti iwájú apá sẹ́yìn. Bí ìbú apá bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, á wà láàárín 4.5 sí 6. Ẹ fi báírò sàmì sí abẹ́ apá, kí ẹ fi orí ìka méjì gbé e níbẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá wọlẹ̀, ẹ ti bátìrì síwájú. Bàálù tí imú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ṣì ṣeé wà. Èyí tí ìdí rẹ̀ wúwo kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Kí ẹ tó jù ú sókè, ẹ ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ẹ wo aileron ọ̀tún, pátákó kékeré tó ń yí lẹ́yìn apá: ó ní láti gbé sókè. Mo pààrọ̀ servo kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí aileron, lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò wò ó láàárọ̀. Bàálù tí mo fi oṣù méjì kàn lọ.

Ẹ yọ propeller, abẹ̀bẹ̀ tí motor ń yí, bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Ìránpọ̀ mẹ́rin wà ní àtàǹpàkò mi.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ jáde, kí atẹ́gùn tó dìde, kí ẹ sì kọjú bàálù sí atẹ́gùn nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè. Nígbà ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó jìnnà. Eruku á gbé e mì kúrò lójú yín.

Ẹ jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2016, NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kéde pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú sókè ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí kí ẹ tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti dé.

Ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú bàálù. Ọ̀kan nínú tèmi sọnù sínú oko lọ́nà Mọ́níyà, mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, fóònù mi dún. Bàbá àgbẹ̀ kan ni. Wọ́n ní àwọn rí nǹkan kan láàárín ẹ̀gẹ́ àwọn, àwọn sì ti gbé e sábẹ́ ahéré kí òjò má baà pa á.