Bí káńsù ṣe lè fi ti ará ìlú ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò iṣẹ́ ìlú

Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ni pé káńsù á ti yan iṣẹ́ tán, wọ́n á ti yàwòrán ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe gan-an á ti mọ̀ pé òun ni wọ́n máa gbé e fún, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá pe ará àdúgbò sí ìpàdé pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ? Ó máa ń dùn mí gan-an, torí àwọn èèyàn yẹn á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, wọn ò sì ní wá mọ́ lọ́jọ́ míì. Ìgbà tí nǹkan ṣì ṣeé yí padà ló yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Torí náà, owó ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iye tó wà fún iṣẹ́ ọdún yẹn, ẹ yọ apá kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ pé ará ìlú ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe, kẹ́ ẹ sì kéde iye ẹ̀ síta. Porto Alegre ní Brazil bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1989, wọ́n pín ìlú sí agbègbè 16, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ìpàdé tiẹ̀. Paris náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2014. Àwọn èèyàn ń jáde torí wọ́n mọ̀ pé owó gidi ló wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn tí kì í wá sípàdé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, arúgbó, àwọn ayálégbé tí wọ́n rò pé onílé nìkan lọ̀rọ̀ kàn? Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, lọ́jà, ní ibùdókọ̀, níwájú ilé ìwé. Ní New York, ọmọ ọdún 11 pàápàá lè dìbò yan iṣẹ́ nínú ètò yìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Ẹ lè fi WhatsApp àti fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kún un o, àmọ́ mi ò fara mọ́ kẹ́ ẹ fi ìyẹn nìkan ṣe é, àwọn tí gọ́tà ń yọ lẹ́nu jù lè máà ní dátà.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ ká kọ́, ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gọ́tà ńlá, ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dí gọ́tà níwájú, tó jẹ́ pé kíkó ìdọ̀tí yẹn ló máa yanjú ẹ̀. Kí ẹnjiníà bá wọn fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú máàpù, kí wọ́n lọ lálẹ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, kí wọ́n lọ lẹ́yìn òjò tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbàrá, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn sì wà láàárín wọn, torí ó máa rí ohun tí ẹni tó wà nínú mọ́tò ò lè rí láé.

Kí ẹnjiníà wá ṣírò iye tí àbá kọ̀ọ̀kan máa ná yín, àti iye tẹ́ ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Èyí tí ò bá ṣeé ṣe, bóyá torí ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti káńsù, ẹ kọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi han ẹni tó dá a lábàá.

Lẹ́yìn náà, kí ará ìlú dìbò yan èyí tí wọ́n fẹ́ nínú àwọn àbá tó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ariwo nìkan pinnu. Porto Alegre máa ń wo iye èèyàn tó wà ní agbègbè kan àti ohun tí wọn ò tíì ní níbẹ̀ kí wọ́n tó pín owó, kí ibi tí ìyà ti ń jẹ wọ́n jù má bàa gbẹ́yìn.

Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé pátákó síbẹ̀: iye owó, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ tó máa parí. Kí ará àdúgbò yan àwọn mélòó kan tí wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì falẹ̀, ẹ tètè sọ fún wọn. Lẹ́yìn tó bá parí tí òjò ti rọ̀ sí i dáadáa, kẹ́ ẹ̀yin àtàwọn yẹn jọ padà lọ wò ó, èyí tó bá ti ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ síwájú nínú ètò ọdún tó ń bọ̀.