Àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí imú tó ń dí là bọ̀rọ̀

Ọyẹ́ a máa dí èèyàn nímú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí imú ò sì là, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀fìnkìn lásán. Kì í sì í ṣe ẹnì kan péré ló jẹ́ pé oògùn tó ń kán sí imú gan-an ló tún ń dí i.

Ephedrine, oxymetazoline àti xylometazoline ni oògùn tí à ń wí. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, ẹ ó rí orúkọ wọn níbẹ̀. Wọ́n máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú sún kì, ẹran tó wú á fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán, iṣan á tún fẹ̀. Ẹni tó bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, imú rẹ̀ á máa dí ju ti ìṣáájú lọ, á tún kán an, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè sùn mọ́ láìsí ìgò náà nítòsí. Ọjọ́ 3 sí 5 ni kí ẹ lò ó mọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sọ fún apòògùn kó tó ra èyíkéyìí níbẹ̀.

Ẹni tó ti bá a débi tí kò lè fi í sílẹ̀ ńkọ́? Kó dá a dúró ní ihò imú kan ná, kó máa lo ti èkejì. Tí èyí àkọ́kọ́ bá ti là, kó fi èkejì náà sílẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí mélòó kan, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń le jù. Dókítà lè fi oògùn fífín bíi fluticasone tàbí mometasone tì í lẹ́yìn.

Oògùn fífín yìí náà, àwọn èèyàn a máa pa á tì lọ́jọ́ kẹta pé kò ṣiṣẹ́. Kì í la imú lójú ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń lò ó, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kí agbára rẹ̀ tó hàn tán. Ẹ tẹrí síwájú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fín in sí ihò òsì, kí ẹ fi ọwọ́ òsì fín in sí ti ọ̀tún, kí ẹnu ìgò kọjú sí apá etí. Tó bá ń ba àárín imú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. Ẹ má fà á kíkankíkan, ọ̀fun ló máa gbà lọ.

Omi iyọ̀ tí à ń fi fọ inú imú dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi kànga tàbí píọ́ wọ́tà ṣe é láìsè. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Naegleria fowleri. Ó lè gba imú dé ọpọlọ, ó sì ń pani. Ẹ se omi 50cl, kó hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, ẹ dé e kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ da iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí kò kún dé ẹnu sí i. Omi lásán láìsí iyọ̀ á ta yín nímú. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lọ́jọ́ kejì.

Róòbù ń mú imú tutù ni, kò là á. Ẹ má fi sínú ihò imú, pàápàá ti ọmọdé. Àǹtíbáọ́tíìkì ò sì ran imú tí eruku ń dí lọ́wọ́; eruku inú fóòmù àti rọ́ọ̀gì ni kí ẹ gbógun tì. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, kí ẹ sì yọ kọ́ìlì ẹ̀fọn kúrò ní yàrá.

Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń dí ṣáá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ẹ má dúró ní kẹ́mísìtì Tákìẹ́. Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn LAUTECH. Ọmọdé tí ikun tó ń rùn ń jáde ní ihò imú kan, ó ṣeé ṣe kó ti ki ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìka tàbí píìnì wá a, ńṣe lẹ ó tún tì í wọlé sí i.