Bí a ṣe ń mọ òǹtẹ̀ tó tẹ ààbọ̀ dọ́là fàdákà àtijọ́

Ààbọ̀ dọ́là Amẹ́ríkà tó ní lẹ́tà létí, tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia láti 1807 títí di 1836, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì pọ̀ lọ́jà. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá ìràwọ̀, ọdún àti lẹ́tà sára òǹtẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni òǹtẹ̀ méjì kì í fi í bára mu pátápátá.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 13.48 ló yẹ kó jẹ́. Èyí tó ti ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ lè fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ yí etí rẹ̀ wò: FIFTY CENTS OR HALF A DOLLAR gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú ìsopọ̀ tó yí etí náà po, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni kí ẹ lò, pẹ̀lú iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí awò, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fẹ fọ́tò náà.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí. Wọ́n á ní irun obìnrin tó wà lójú owó yìí jinlẹ̀ ju ti owó ọ̀hún lọ, òǹtẹ̀ mìíràn ni. Rárá o! Lílò ló họ ọ́. Ipò nǹkan ni kí ẹ máa wò: ẹnu ìràwọ̀ àkọ́kọ́, ṣé eyín kéékèèké tó yí etí ojú owó po ló kọjú sí ni àbí àlàfo àárín eyín méjì? Lẹ́yìn owó, lẹ́tà wo lára E PLURIBUS UNUM ló bọ́ sábẹ́ lẹ́tà wo nínú UNITED STATES OF AMERICA?

Ìlà tó là kọjá ńkọ́? Bó bá yọ sókè, òǹtẹ̀ ló sán. Bó bá wọnú, ẹnìkan ló fi nǹkan ha á. Òǹtẹ̀ tó sán kò di òǹtẹ̀ tuntun, ó kàn ti dàgbà ni.

Ẹ má sì dúró síbi ojú owó nìkan. Òǹtẹ̀ iwájú kan lè bá òǹtẹ̀ ẹ̀yìn méjì tàbí mẹ́ta ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì tó jọ tẹ̀ ẹ́ ló sì ni nọ́ńbà Overton (orúkọ ẹni tó kọ ìwé lórí àwọn òǹtẹ̀ wọ̀nyí), tó ń bẹ̀rẹ̀ láti O-101 fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí bébà ni kí ẹ kọ nọ́ńbà sí, kí ẹ sì yàgò fún ọ̀rá PVC rírọ̀, ó máa ń yọ àwọ̀ ewé sára fàdákà.