Bí mo ṣe tún mítà kámẹ́rà bàbá mi ṣe l'Óṣogbo

Àwòrán mẹ́rìndínlógójì ni mo yà, láti Ọjà Ọba títí dé etí Igbó Ọ̀ṣun. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà tán tí mo gbé e sójú fèrèsé, mọ́kànlá péré ló ṣe é wò. Púpọ̀ fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò tó wọn, débi pé mo ń rí igi ọ̀pẹ ìta gba ara wọn kọjá. Àwọn bíi márùn-ún sì ki, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún wọn, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọjọ́ kan náà, oòrùn kan náà, ọwọ́ mi kan náà.

Minolta SR-T 101 ni kámẹ́rà ọ̀hún. Ọdún 1966 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, bàbá mi sì fi tirẹ̀ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Station Road. Tí ẹ bá yọjú sínú rẹ̀, ẹ ó rí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọwọ́ aago, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mítà nìyẹn. Ọwọ́ kejì ní òrùka roboto lórí. Òun lẹ ó máa yí títí òrùka yẹn yóò fi bá ọwọ́ àkọ́kọ́. Bàbá mi kì í wò wọ́n rárá. "Ojú mi ni mítà mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo fẹ́ mọ bí irọ́ tó ń pa ṣe tó. Àwọn onífọ́tò ní òfin kan: bí oòrùn bá mú ganrínganrín tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ fi lẹ́ǹsì sí f/16 (bí òǹkà f bá ṣe tóbi sí ni ihò lẹ́ǹsì ń kéré sí), kí ẹ wá fi ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, sí iye tó sún mọ́ agbára fíìmù, òǹkà tí wọ́n kọ sí i lára. Fíìmù 100, ṣọ́tà 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. (Ẹ má dán an wò nígbà ọyẹ́ o. Eruku ọyẹ́ a máa jẹ ìmọ́lẹ̀ láìjẹ́ kójú mọ̀.) Ní bíi aago kan ọ̀sán, mo kọjú kámẹ́rà sí ògiri sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé wa tí a ò tíì kùn. Mítà ní f/22 dípò f/16. Mo fi ìka ta ìdí rẹ̀ pẹ́rẹ́, ọwọ́ náà já wálẹ̀, ó di f/8. Mo tún ta á, ó padà sókè.

Mítà tó ń fò báyìí, ibi tí wáyà ti kan bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mo ṣí ìdérí bátìrì lábẹ́ rẹ̀, mo sì bá ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó ti yí etí irin ká bí ewéédú gbígbẹ. Ohun tó ń jò jáde lára bátìrì kì í ṣe ásíìdì bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, òdìkejì rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ohun kíkan fi ń ká a. Àwọn mìíràn ń lo fínígà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà nílé wa. Mo fi òwú ìroetí gba omi rẹ̀ díẹ̀, mo rọra ń nù ún títí irin fi ń dán, mo wá fi sípíríìtì nù ún gbẹ. Ẹ má da omi ọsàn sínú ihò yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tú àwo ìsàlẹ̀. Súkúrù àwọn ará Japan ni wọ́n fi dè é. Orí rẹ̀ jọ èyí tó ní àmì àgbélébùú tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó o. Súkúdíráfà tí kò bá a mu yóò jẹ orí rẹ̀, ẹ ó sì jókòó máa wò ó. Wáyà bátìrì ti dúdú nínú rọ́bà rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá oníredíò kan l'Ókè-Fìà.

"Ọmọ onífọ́tò, kí lo tún gbé dé?"

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wáyà yìí ló jẹrà."

Wọ́n gé èyí tó jẹrà, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì dè é, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo dúpẹ́, mo relé, inú mi ń dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọwọ́ mítà kò fò mọ́. F/22 ló dúró sí, ó tiẹ̀ fẹ́ kọjá ibẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ bí mo ti wù kí n ta á. Fíìmù tó bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kò ní rí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: àìsàn méjì ló ń ṣe kámẹ́rà yìí, ọ̀kan ń fà á sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀. Ìpẹtà tí mo nù kúrò ló máa ń di iná lọ́nà, ìyẹn ló fi ń jọ pé ó ń sọ òótọ́ nígbà mìíràn.

Bátìrì ló ń fà á sókè. Bátìrì mẹ́kúrì ni wọ́n ṣe mítà yìí fún, 1.35 fóòtì (ìwọ̀n agbára iná) ni, kì í sì í yẹ̀ títí yóò fi kú. Wọn ò ṣe é mọ́ nítorí májèlé inú rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan, Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tiẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì. Ohun tí èmi fi sínú rẹ̀ ni bátìrì kékeré LR44 tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù aago ń tà. Tó bá jẹ́ tuntun, ó ju 1.5 lọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irọ́ mítà yóò sì máa yí pa dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. SR44 ni kẹ́ ẹ béèrè. Ó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ 1.55 ló máa ń wà títí dé òpin. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó ku bí a ó ṣe yọ 0.2 kúrò lára 1.55 kó lè di 1.35. Mo padà s'Ókè-Fìà. Bàbá yọ dáyóòdù kan, ohun kékeré tó máa ń jẹ díẹ̀ lára iná tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, lára redíò tó ti kú, a fi sójú wáyà, ọwọ́ mítà bá sùn sílẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe: 1.0 péré ló ṣẹ́kù. Dáyóòdù lásán jẹ iná jù. Irú tí wọ́n ń pè ní Schottky ni a ń wá. Wọ́n tú agolo wàrà kan tó kún fún pàǹtírí, wọ́n sì rí ọ̀kan tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Níbí, ẹ tan mítà kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó wọn iná. Bí kò bá sí ohun tó ń mu iná lọ́wọ́, dáyóòdù yóò ṣe bí ẹni pé kò jẹ nǹkan kan. Tiwa fún wa ní 1.37.

SR44 kéré sí ihò náà. Mo gé òrùka lára bàtà sílípáàsì tó ti já, mo fi bátìrì sáàárín rẹ̀, mo ká bébà fàdákà inú páálí sìgá sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga tó.

Ògiri sìmẹ́ńtì: f/16, pẹ̀lú bíńtín lókè. Lábẹ́ ìbòòji máńgòrò, ó bá ohun tí fóònù mi sọ mu, pẹ̀lú bíńtín yẹn náà. Nígbà tí àṣìṣe bá dọ́gba nínú oòrùn àti ìbòòji, kò tún sí wàhálà: fíìmù 100, mo fi òǹkà fíìmù lára kámẹ́rà sí 80.

Bàbá oníredíò kò gbowó dáyóòdù. Fọ́tò ni wọ́n ní kí n ya àwọn, lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú fìlà. Fíìmù tuntun náà jáde lánàá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló dára nínú mẹ́rìndínlógójì. Ti Bàbá mọ́ kedere, títí dórí lẹ́ẹ̀dì tó ń rú èéfín lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ló dì. Mo ń padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì.