Bí A Ṣe Ń Rí Ìkùukùu Magellan Láti Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹni tó bá dúró sí etí òkun ní Gbẹ́rẹ̀fú, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, tó kọjú sí gúúsù, omi nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Iná Èkó ń bẹ lápá òsì, ti Kútọnu lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló dáa láti wá Ìkùukùu Magellan méjèèjì, Ńlá àti Kékeré. Orúkọ lásán ni ìkùukùu o. Agbo ìràwọ̀ (galaxy) ni wọ́n, aládùúgbò agbo tiwa tó ń jẹ́ Milky Way. Òòfà agbo tiwa ń fà wọ́n, àwọn náà ń fa ara wọn, ìyẹn sì wà lára ohun tó da ìrísí wọn rú. Ìmọ́lẹ̀ Ńlá rìn fún nǹkan bí 160,000 ọdún kó tó dé ojú wa. Ti Kékeré tó 200,000.

Ìparí oṣù Kọkànlá ni kí ẹ lọ, lálẹ́ tí kò ní sí òṣùpá. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an la ń wò: lọ́dọ̀ wa níbí, Ńlá kì í ga ju dígírì 14 lọ, Kékeré kì í ju 11.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má dá lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá fún àwọn ará ibẹ̀. Ta ni kò ní fura sí ẹni tó ń rìn kiri létí òkun lóru? Kí ẹ sì jìnnà sí ìgbì.

Ẹ pa fóònù. Ó tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ojú lára, iná fóònù ẹ̀ẹ̀kan péré á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá nílò tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù pupa wé e.

Ní nǹkan bí aago 12 òru, ẹ na apá síwájú, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ìbú ẹ̀ṣẹ́ kan tó dígírì 10. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nísàlẹ̀ lápá òsì gúúsù ni Canopus. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ẹ̀ṣẹ́ méjì kò pé: Ńlá nìyẹn. Lápá ọ̀tún gúúsù, Achernar ló mọ́lẹ̀ jù. Ẹ̀ṣẹ́ kan ààbọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Kékeré wà. Kékeré le rí, n kò ní purọ́. Aago 9:30 alẹ́ ló máa ń ga jù, Ńlá ní aago 2 òru.

Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á yọ bí eérú tí wọ́n fẹ́ sórí aṣọ dúdú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo mú àwọn ọ̀rẹ́ lọ, mo nawọ́ sí i, mo ṣàlàyé títí, àfi bí "agbo ìràwọ̀" mi ṣe ṣí lọ. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10: ìkùukùu gidi á sún, eléyìí kò ní kúrò láàárín àwọn ìràwọ̀ rẹ̀.

Inú Ńlá ni ìràwọ̀ kan ti bú gbàmù tí aráyé fi ojú lásán rí ní oṣù Kejì 1987. Kékeré ní tirẹ̀ ló fún Henrietta Leavitt, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní ìràwọ̀ 25 tó ń tàn tó ń ṣókùnkùn. Ní 1912 ó fi hàn pé èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ló máa ń pẹ́ jù kó tó tún tàn, ibẹ̀ la sì ti rí ọ̀nà láti wọn bí àwọn agbo ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Bí ẹ bá ní awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ gbé e sójú, kí ẹ wá ibi tó mọ́lẹ̀ ṣíṣù nínú Ńlá. Gáàsì ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun.